Ìsọdọ̀pọ̀ Ọ̀rọ̀-Orúkọ nínú Èdè Jámánì: Ibi tí Òfin Fara Pamọ́ Sí

Ìfáàrà

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-orúkọ kì í pa ara dà nítorí iye. Ilé kan, ilé méjì, ilé ńláńlá, àwọn ilé, ilé wọ̀nyí: nínú gbogbo àpólà wọ̀nyí, ilé ṣì ni ilé. Ohun tó yí i ká ló ń sọ bí ó ti pọ̀ tó, yálà ọ̀rọ̀ òǹkà, tàbí àwọn, tàbí àpètúnpè ẹ̀yán, tàbí ọ̀rọ̀ atọ́ka bíi wọ̀nyí. Èdè Jámánì kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ fúnra rẹ̀ ló máa ń ru ẹrù iye, kì í sì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà rù ú. Hund (ajá) di Hunde. Kind (ọmọ) di Kinder. Frau (obìnrin) di Frauen. Auto (ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́) di Autos. Vater (bàbá) di Väter. Lehrer (olùkọ́) ní tirẹ̀ wà bó ṣe wà, Lehrer náà ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó dé ìdí Jámánì ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń bá lójijì jù. Ó ti mọ̀ pé ní Gẹ̀ẹ́sì, ìró kan wà tí wọ́n ń fi kún ìparí ọ̀rọ̀, àti pé ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló yapa. Ó wá irú ìró bẹ́ẹ̀ ní Jámánì, kò rí i. Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fún un ni pé kò sí òfin: kí ó máa kọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀pọ̀ rẹ̀, bí ẹni ń kọ́ orúkọ ènìyàn. Ìmọ̀ràn náà wúlò, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n gbé e kà kì í ṣe òótọ́ tán. Òfin wà. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá a kọ́ ló wà ni. Apá kan rẹ̀ wà nínú jẹ́ńdà ọ̀rọ̀, apá kan wà nínú sílébù rẹ̀, apá kan wà nínú ìtàn rẹ̀. Èyí tó sì lómìnira jù nínú gbogbo wọn ni èyí tí ọ̀rọ̀ tó ń lò ó kò pọ̀ rárá. Kókó ìkẹyìn yìí ti dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ láàrin àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, nítorí ó kan ìbéèrè tó gbòòrò ju èdè Jámánì lọ, èyíinì ni ohun tí òfin gírámà jẹ́ gan-an.

Àwọn àmì ọ̀pọ̀

Àfòmọ́ ìparí mẹ́rin ni Jámánì fi ń sọ ọ̀rọ̀-orúkọ di ọ̀pọ̀: -e, -er, -n (tàbí -en), àti -s. Bí a bá ka àìsí àfòmọ́ mọ́ wọn, wọ́n di márùn-ún. Yàtọ̀ sí èyí, fáwẹ̀lì inú ọ̀rọ̀ lè yí padà: a di ä, o di ö, u di ü, au di äu. Ìyípadà yìí ni àwọn Jámánì ń pè ní Umlaut. Ó lè bá -e rìn, bíi Baum (igi), Bäume. Ó lè bá -er rìn, bíi Buch (ìwé), Bücher. Ó sì lè dá ṣiṣẹ́, bíi Apfel (èso ápù), Äpfel. Kì í bá -n tàbí -s rìn láéláé. Báyìí ni ọ̀nà márùn-ún ṣe di mẹ́jọ.

Atọ́ka tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ náà ní ipa tirẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ Jámánì kọ̀ọ̀kan wà ní ọ̀kan nínú jẹ́ńdà mẹ́ta: akọ, tí atọ́ka rẹ̀ jẹ́ der; abo, tí atọ́ka rẹ̀ jẹ́ die; àti kò-ṣakọ-kò-ṣabo, tí atọ́ka rẹ̀ jẹ́ das. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ọ̀pọ̀, gbogbo ìyàtọ̀ yìí pòórá, die nìkan ló kù. Der Lehrer ni olùkọ́ kan. Die Lehrer ni àwọn olùkọ́. Níhìn-ín, iṣẹ́ tí die ń ṣe kò jìnnà sí iṣẹ́ tí àwọn ń ṣe ní Yorùbá: ọ̀rọ̀-orúkọ kò mira, ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ló sọ iye. Ṣùgbọ́n ìjọra náà kò lọ jìnnà, nítorí die yìí kan náà ni atọ́ka ẹyọ fún jẹ́ńdà abo. Die Frau jẹ́ obìnrin kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ jẹ́ńdà abo fi nílò àmì tó hàn kedere lára ara rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, òun náà ló sì ní in.

Ohun tí jẹ́ńdà ń sọ

Ẹni tó bá mọ jẹ́ńdà ọ̀rọ̀ ti mọ ohun tó pọ̀ nípa ọ̀pọ̀ rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀rọ̀ jẹ́ńdà abo ló ń gba -n tàbí -en: Blume (òdòdó), Blumen, Schule (ilé-ìwé), Schulen. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí -ung, -heit, -keit, -schaft tàbí -ion bá parí wọn gẹ́gẹ́ bí àfòmọ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ jẹ́ abo, gbogbo wọn ló sì ń gba -en: Zeitung (ìwé ìròyìn), Zeitungen, Freiheit (òmìnira), Freiheiten. Kò sí ọ̀rọ̀ jẹ́ńdà abo tó ń gba -er. Ọ̀wọ́ kékeré kan wà láàrin wọn, tó kún fún ọ̀rọ̀ onísílébù kan tó ti wà nínú èdè náà láti ayébáyé, tó ń gba -e: Hand (ọwọ́), Hände, Nacht (òru), Nächte, Stadt (ìlú), Städte, Kuh (abo màlúù), Kühe, Maus (eku), Mäuse. Fáwẹ̀lì gbogbo wọn ló yí padà.

Ní ti ọ̀rọ̀ akọ àti kò-ṣakọ-kò-ṣabo, -e ló gbalẹ̀ jù: Tag (ọjọ́), Tage, Tisch (tábìlì), Tische, Jahr (ọdún), Jahre. Àwọn tó parí sí -er, -el, -en, -chen tàbí -lein kì í gba àfòmọ́: Löffel (síbí), Fenster (fèrèsé) àti Mädchen (ọmọdébìnrin) kò ní ohun tí wọ́n fi kún wọn. Díẹ̀ ló yapa, bíi Bauer (àgbẹ̀), Bauern. Àwọn ọ̀rọ̀ akọ kan tún wà tó ń gba -n tàbí -en. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ń tọ́ka sí ènìyàn tàbí ẹranko: Mensch (ènìyàn), Menschen. Student (akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì), Studenten. Löwe (kìnnìún), Löwen.

Mädchen tí a dárúkọ yìí máa ń dá ẹ̀rín sílẹ̀ ní kíláàsì, nítorí das ni atọ́ka rẹ̀: ọmọdébìnrin tí kì í ṣe akọ, tí kì í sì í ṣe abo. Àfòmọ́ -chen ló fà á, torí ohunkóhun tó bá ti gbà á di kò-ṣakọ-kò-ṣabo. Jẹ́ńdà inú gírámà kì í ṣe jẹ́ńdà inú ayé, ẹni tó bá sì ń fi ayé wá jẹ́ńdà ọ̀rọ̀ Jámánì yóò ṣìnà níbi púpọ̀.

Sílébù tó gbẹ̀yìn

Títí dé ibí yìí, ó ṣì dà bí ẹni pé àkójọ ọ̀wọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan wà lábẹ́ àwọn ọ̀wọ́ wọ̀nyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ìkọ́ni kì í mẹ́nu bà. Jámánì kì í ṣe èdè olóhùn bíi Yorùbá. Ohun tó ń lò dípò ohùn ni agbára: nínú ọ̀rọ̀, sílébù kan a máa gba agbára, àwọn mìíràn a sì rọ̀. Sílébù tó rọ̀ jù ni èyí tí fáwẹ̀lì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún, irú èyí tó wà ní ìparí Tage, Löffel àti Frauen. Bí a bá yọ -s kúrò, gbogbo ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ Jámánì ló ń parí sí irú sílébù bẹ́ẹ̀. Tage, Kinder, Frauen, Väter, Mädchen: sílébù alágbára ṣáájú, sílébù rírọ̀ tẹ̀lé e.

Òfin yìí ló ṣàlàyé ìdí tí -n àti -en fi wà. Frau kò ní sílébù rírọ̀ lẹ́yìn, nítorí náà -en ló gbà, kí sílébù náà lè wà. Blume ti ní in tẹ́lẹ̀, -n nìkan ti tó. Àfòmọ́ kan ni méjèèjì, ìrísí rẹ̀ ló yàtọ̀. Bákan náà ló rí láàrin -e àti àìsí àfòmọ́. Tag gba -e nítorí kò ní sílébù rírọ̀. Löffel kò gba ohun kankan nítorí ó ti ní i. Gast (àlejò) di Gäste. Vogel (ẹyẹ) di Vögel: Umlaut kan náà, àfòmọ́ kan náà, àfi pé Vogel kò ní àyè fún -e mọ́.

Àlàyé yìí tún yanjú ọ̀rọ̀ méjì tí àwọn ìwé gírámà máa ń yà sọ́tọ̀ bí ẹni pé ara wọn kò dá. Mutter (ìyá) di Mütter, Tochter (ọmọbìnrin ẹni) di Töchter, láìsí àfòmọ́. Àwọn méjì yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ jẹ́ńdà abo tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ Hand àti Hände, wọn kò ṣàjèjì mọ́: ọ̀wọ́ Hand gan-an ni wọ́n wà, sílébù -er tó wà ní ìparí wọn ló dí -e lọ́nà. Ọ̀nà mẹ́jọ tí a kà lókè ti ń dín kù nìyẹn, láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yí padà.

Umlaut gẹ́gẹ́ bí àrànmọ́

Ẹni tó mọ fonọ́lọ́jì Yorùbá kò ní rí Umlaut bí ohun àràmàǹdà, nítorí àrànmọ́ ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nínú èdè Jámánì àtijọ́, èyí tí wọ́n sọ láti nǹkan bí ọdún 750 sí 1050, ọ̀pọ̀ gast jẹ́ gesti. Ìró i tó wà lẹ́yìn ló fa a tó wà níwájú sọ́dọ̀ ara rẹ̀, tó sì sọ ọ́ di e. Láti ọ̀tún sí òsì ni ìfàmọ́ra náà ń lọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú àǹkóò fáwẹ̀lì Yorùbá, níbi tí fáwẹ̀lì tó gbẹ̀yìn ti ń pinnu èyí tó lè ṣáájú rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé i inú Yorùbá àjùmọ̀lò kì í yan ẹni tí yóò bá rìn: ebi àti ẹ̀bi wà pọ̀. I inú Jámánì àtijọ́ kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ìgbà kan náà, ọ̀pọ̀ tag jẹ́ taga. Kò sí i níbẹ̀, kò sí ohun tí yóò fa a. Nígbà tó yá, gbogbo fáwẹ̀lì ìparí wọ̀nyí rọ̀, wọ́n sì di ẹyọ ìró kan náà tí wọ́n ń kọ ní e. Gesti di Gäste, taga di Tage. Ohun tó fa ìyípadà ti lọ, ìyípadà nìkan ló ṣẹ́kù. Akẹ́kọ̀ọ́ òde òní tó ń béèrè ìdí tí Gast fi ń yí fáwẹ̀lì rẹ̀ padà tí Tag kì í sì í yí i ń béèrè nípa ìró kan tó ti kú kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni tó ń sọ èdè náà lónìí.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ Jámánì kò fi Umlaut sílẹ̀ bí òkú ìtàn. Nígbà tí i kò sí mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìyípadà fáwẹ̀lì gẹ́gẹ́ bí àmì ọ̀pọ̀, wọ́n sì fi í fún àwọn ọ̀rọ̀ tí kò ní i rí. Ọ̀pọ̀ boum (igi) nígbà náà jẹ́ bouma, láìsí i; lónìí, Bäume ni. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ fonọ́lọ́jì ti di ọ̀rọ̀ mofọ́lọ́jì. Kò sì tíì dúró: ní gúúsù Jámánì àti ní Ọ́stríà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ọ̀pọ̀ Wagen (ọkọ̀) ní Wägen, nígbà tí àwọn ará àríwá ń sọ Wagen.

Ìtàn -er jọ èyí. Ní ìgbà àtijọ́, ọ̀rọ̀ péréte ló ní i, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ohun oko àti ohun ọ̀sìn: lamb (ọ̀dọ́ àgùntàn), lembir, kalb (ọmọ màlúù), kelbir, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ fún adìyẹ, ẹyin àti ewé. Ìró i tó wà nínú -ir ló fi Umlaut sí wọn, ìdí sì nìyẹn tí gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń gba -er lónìí fi ń yí fáwẹ̀lì padà bí fáwẹ̀lì wọn bá jẹ́ èyí tó lè yí. Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọmọ, kind, kò sí lára wọn; ẹyọ àti ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ohun kan náà nígbà náà, gẹ́gẹ́ bíi hūs (ilé). Nítorí pé irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní àmì kankan, wọ́n yá -er lò lọ́dọ̀ àgùntàn àti màlúù: Kinder, Häuser. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀rọ̀ akọ kan náà tẹ̀lé wọn, bíi Mann (ọkùnrin), Männer, àti Wald (igbó), Wälder. Ìgbòkègbodò yìí ti parí. Lónìí, kò sí ọ̀rọ̀ àyálò tó ń wọlé tí ẹnikẹ́ni ń fún ní -er.

Àfòmọ́ -s àti àríyànjiyàn tó dá sílẹ̀

Àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ tó ń fi -s ṣe ọ̀pọ̀ ní Jámánì kò tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ inú èdè náà. Síbẹ̀, -s yìí ló ń wọ ibi tí àwọn yòókù kò lè dé. Ọ̀rọ̀ tó parí sí fáwẹ̀lì tó dún kíkún ń gbà á: Oma (ìyá àgbà), Omas, Uhu (irú òwìwí ńlá kan), Uhus. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé kúrú ń gbà á: Uni (yunifásítì), Unis, Pulli (súwẹ́tà), Pullis. Àwọn lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ń gbà á: LKW (ọkọ̀ akẹ́rù), LKWs. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àyálò ń gbà á: Hotels, Parks, Jobs. Àní ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ rárá, bíi wenn (bí) àti aber (ṣùgbọ́n), bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ pé àwáwí ti pọ̀ jù, Wenns àti Abers ni yóò pè wọ́n.

Èyí tó sọ̀rọ̀ jù ni orúkọ ìdílé. Ìwé ìtàn àròsọ tí Thomas Mann tẹ̀ jáde ní ọdún 1901 dá lórí ìdílé oníṣòwò kan tí orúkọ wọn ń jẹ́ Buddenbrook. Àkọlé ìwé náà ni Buddenbrooks, pẹ̀lú -s. Orúkọ òǹkọ̀wé náà gan-an tún fa kókó yọ ju ti ìwé rẹ̀ lọ. Mann túmọ̀ sí ọkùnrin, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ni Männer. Ọmọdé Jámánì tó ń lọ ilé-ìwé jẹ́léósinmi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa Thomas Mann, Heinrich ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti Erika àti Klaus àwọn ọmọ rẹ̀, tí gbogbo wọn jẹ́ òǹkọ̀wé, die Manns ni wọ́n ń pè wọ́n. Die Männer yóò túmọ̀ sí àwọn ọkùnrin, ohun mìíràn pátápátá, Erika kò sì lè sí níbẹ̀. Ìró kan náà ni, lẹ́tà kan náà ni, àmọ́ bó ti di orúkọ, ó bọ́ lọ́wọ́ ìtàn tó so Mann mọ́ -er.

Ní ọdún 1986, David Rumelhart àti James McClelland gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì, nínú èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà hàn pé ó ṣeé ṣe kí ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní òfin má ju ìjọra àti àtúnṣe léraléra lọ: ohun tí ọpọlọ bá gbọ́ jù ni yóò máa fà lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀ tuntun. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò lè dá ẹjọ́ náà, nítorí nínú rẹ̀, ọ̀nà tó pọ̀ jù náà ni ọ̀nà tó lómìnira jù. Bí ọ̀rọ̀ tuntun bá gba -s ní Gẹ̀ẹ́sì, ta ló lè sọ bóyá òfin ló fà á tàbí pípọ̀? Jámánì ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí Gary Marcus, Steven Pinker, Harald Clahsen, Richard Wiese àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi gbé ọ̀rọ̀ -s jáde ní ọdún 1995. Wọ́n fún àwọn tó ń sọ Jámánì ní ọ̀rọ̀ tí kò sí níbì kankan, wọ́n sì ní kí wọ́n ṣe ìdájọ́ oríṣiríṣi ọ̀pọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá wá gẹ́gẹ́ bí orúkọ ènìyàn, wọ́n tẹ́wọ́ gba -s ju ìgbà tí ó wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Jámánì lásán lọ. Ìparí èrò wọn ni pé òfin kò ní láti jẹ́ ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ń tọ̀; ọ̀nà ìsádi ni, fún ohunkóhun tí kò bá rí ẹbí.

Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gbà. Klaus-Michael Köpcke ti jiyàn ní ọdún 1988 pé ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó ń sọ Jámánì kì í ṣe òfin ìfikún bí kò ṣe àwòrán bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń rí: ọ̀rọ̀ tí die ṣáájú rẹ̀ tí -en sì parí rẹ̀ jọ ọ̀pọ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ onísílébù kan tí der ṣáájú rẹ̀ jọ ẹyọ. Ẹ̀rí wà fún ìhà tirẹ̀ náà. Nígbà tí àwọn ọmọdé Jámánì bá ń ṣe àṣìṣe, -n ni wọ́n sábà máa ń fi síbi tí kò yẹ, kì í ṣe -s nìkan. Àwọn ọ̀rọ̀ àyálò pàápàá kì í sáré tọ -s lọ tí wọ́n bá rí ẹni tí wọ́n jọ nílé: Computer kò gba ohunkóhun, nítorí ó parí bíi Lehrer, Boss (ọ̀gá) di Bosse.

Bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, Computer kò tako ọ̀nà ìsádi. Ẹni tó rí ilé wọ̀ kò nílò ìsádi. Die Manns ni ẹ̀rí tó le jù láti fi ìjọra ṣàlàyé. Kò sí ọ̀rọ̀ tó lè jọ Mann ju Mann fúnra rẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì wà lórí ahọ́n gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀, orúkọ náà kọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó wá láti ilẹ̀ Yorùbá náà ti kan ọ̀nà yìí. Àwọn tó ń fi Jámánì kọ̀wé nípa ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá àti ti Bùràsíìlì àti Kúbà máa ń kọ die Orishas. Ọ̀rọ̀ náà parí sí fáwẹ̀lì tó dún kíkún, kò sì lè gba -e. Ó lè ṣe bíi Villa (ilé ńlá olówó), tó ju a rẹ̀ nù tó sì di Villen, ṣùgbọ́n Orishen kò ní jẹ́ kí ẹni tó kà á rí òrìṣà nínú rẹ̀ mọ́. Àǹfààní -s nìyẹn: kì í fọwọ́ kan ara ọ̀rọ̀. Kì í fi sílébù kún un, kì í yí fáwẹ̀lì rẹ̀ padà. Orúkọ àti àlejò ni irú ìkíyèsára bẹ́ẹ̀ tọ́ sí.

Àlejò tó bá pẹ́ a máa di onílé. Pizza ní Pizzas, ó sì ti ní Pizzen. Konto (àkáǹtì báǹkì), tó wá láti èdè Ítálì, ní Kontos, ṣùgbọ́n Konten ni ọ̀pọ̀ ń lò. Balkon (ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé) tó wá láti Faransé jẹ́ Balkons lẹ́nu ẹni tó ń pè é pẹ̀lú ìró àránmúpè bí àwọn ará Faransé, ó sì jẹ́ Balkone lẹ́nu ẹni tó ń pe n rẹ̀ ketekete. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wá di ìwé ẹ̀rí ìgbà tó ti dé.

Ọ̀pọ̀ méjì fún ọ̀rọ̀ kan

Ọ̀nà ọ̀pọ̀ tó pọ̀ tún ní àǹfààní tí èdè tó ní ọ̀nà kan kò ní. Bank túmọ̀ sí àga gbọọrọ, ó sì tún túmọ̀ sí báǹkì. Àwọn àga jẹ́ Bänke; àwọn báǹkì jẹ́ Banken. Strauß lè jẹ́ ìdì òdòdó tàbí ẹyẹ ògòǹgò: Sträuße ni ti òdòdó, Strauße ni ti ẹyẹ. Mutter tí í ṣe ìyá di Mütter. Mutter tí í ṣe nọ́ọ̀tì tí mẹkáníìkì ń dè mọ́ bóòtù di Muttern. Wort (ọ̀rọ̀) ló ní ìyàtọ̀ tó wúni lórí jù: Wörter ni ọ̀rọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ṣeé kà, irú èyí tó wà nínú ìwé atúmọ̀-èdè, Worte ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn sọ, tó ní ìtumọ̀ àti ìwúwo. Yorùbá náà mọ ìyàtọ̀ yìí nínú ìrònú, ṣùgbọ́n gbólóhùn ló fi ń sọ ọ́.

Níbi tí òǹkà ti tó

Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀pọ̀, bí ẹni pé ohun kan sọnù nínú rẹ̀. Jámánì fúnra rẹ̀ já irọ́ náà, nítorí ó mọ ọ̀nà Yorùbá, ó sì ń tọ̀ ọ́ nígbà tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó bá fẹ́ ra bíà ní ilé ọtí yóò ní zwei Bier, bíà méjì, láìsí àmì ọ̀pọ̀. Drei Pfund ni ìwọ̀n pọ́n-ùn mẹ́ta, zwei Glas Wein ni ife wáìnì méjì, fünf Euro ni Yúrò márùn-ún. Ọ̀gá ọmọ ogun tó ń ka àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò sọ zehn Mann, ọkùnrin mẹ́wàá, kì í ṣe zehn Männer. Òǹkà ti sọ iye, ọ̀rọ̀-orúkọ sì ti bọ́ nínú iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí nínú bíà méjì àti ọmọ mẹ́ta. Àwọn ọ̀rọ̀ jẹ́ńdà abo tó parí sí -e nìkan ló ń ṣagídí níbẹ̀: zwei Tassen Kaffee ni ife kọfí méjì, kì í ṣe zwei Tasse. Ohun tó ya èdè méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé Jámánì fi ọ̀nà yìí mọ sí ìwọ̀n àti iye, nígbà tí Yorùbá ń lò ó fún ohun gbogbo.

Lójú èyí, àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ yẹ fún ìwò kejì. Ká ní olùkọ́ kan bèèrè bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ méjì ní Jámánì, tí ìdáhùn mẹ́ta tó kùnà sì dé iwájú rẹ̀: zwei Kind, zwei Kinds, àti zwei Kinde. Bí ó bá fi bírò pupa fa igi kan náà lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti ju ohun tí wọ́n sọ fún un nù. Ẹni tó kọ zwei Kind gbé ètò Yorùbá wá, ó sì gbà pé méjì ti tó. Ohun tí yóò kọ́ ni pé Kind kì í ṣe ohun ìwọ̀n. Ẹni tó kọ zwei Kinds ti Gẹ̀ẹ́sì dé, ó sì fún ọmọ ní àmì tí Jámánì fi pamọ́ fún àlejò àti orúkọ. Ẹni tó kọ zwei Kinde kò gbé ohunkóhun wá láti ibòmíràn. Ó mọ̀ pé das Kind ni, ó mọ̀ pé sílébù rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, ó sì fún un ní -e tí Jahr àti ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀ ń gbà. Gbogbo òfin tó wà láàyè nínú èdè náà ló tẹ̀ lé. Ohun tí kò tíì mọ̀ kò sí nínú òfin kankan tó ń ṣiṣẹ́ lónìí. Inú ìtàn lamb àti lembir ló wà, òun nìkan sì ni olùkọ́ ní láti sọ fún un.